Asẹ́ omi tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mú ti Lyon dé

  Olùkọ́ni ni mí, Faransé ni wọ́n sì fi kọ́ mi níwèé láti kékeré títí mo fi gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ibi tí àmì ohùn mi ti ṣì, ẹ bá mi tún un ṣe, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ omi ni mo gbé wá lónìí.

Oṣù Ọ̀pẹ tí ó kọjá ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá sílé láti ìlú Lyon tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ mọ bí àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà nílùú òyìnbó ṣe máa ń dé: bàtà, ṣokoléètì, lọ́fíńdà fún àwọn ìyá. Òun náà kó ìwọ̀nyẹn wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kàn mí, ó na nǹkan kan sí mi tí ó dà bí fèrè, róbà aláwọ̀ búlúù, kò gùn tó ìgbọ̀nwọ́, okùn sì wà lára rẹ̀ láti fi gbé e kọ́ ọrùn.

"Tọ́ńtọ̀n, tiyín nìyí. Asẹ́ omi ni. Ẹ ó ti ìdí rẹ̀ bọ omi, ẹ ó fi ẹnu fa orí rẹ̀. Omi odò, omi ọ̀gọ̀dọ̀, ẹ lè mu ún."

Ó ní bí òpin ọ̀sẹ̀ bá dé, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun a máa gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, wọn a lọ gun òkè, wọn a sùn síbẹ̀ nínú àgọ́ aṣọ, wọn a sì padà ní ọjọ́ kejì. Wọn kò lóko níbẹ̀, wọn kò ṣọdẹ, wọn kò bẹ ẹnikẹ́ni wò. Wọ́n kàn ń rìn ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mo rẹ́rìn-ín. Àwa tí a fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà ilé ìwé lójoojúmọ́ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, kò sẹ́ni tí ó sọ fún wa pé eré ìdárayá ni.

Bàbá wa jókòó lórí àga rẹ̀ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n etí wọn mú. Wọ́n ní kí a gbé e wá. Wọ́n fi ọwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n fi sẹ́nu, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé èyí kọ́ ni wọ́n fún wa nígbà sòbìà?"

Ọmọ náà ní, "Rárá o, Bàbá àgbà. Tuntun ni. Àwọn òyìnbó ni wọ́n ń lò ó lórí òkè."

"Òyìnbó wo? Nígbà tí ìwọ ṣì ń rákò ni mo ti ń gbé e kọ́rùn lọ sóko."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbà ti ń lọ́ pọ̀ ni. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo gbé fóònù mi, mo wá ìtàn nǹkan náà. Ẹ̀yin ará mi, Bàbá ló jàre. Jimmy Carter, ẹni tí ó ti ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà rí, ni àjọ rẹ̀ dìde láti bá sòbìà jà ní ọdún 1986, nígbà tí àrùn náà ń mú nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ èèyàn lọ́dọọdún ní Áfíríkà àti Éṣíà. Ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Vestergaard, tí ó ti Denmark bẹ̀rẹ̀, bá wọn ṣe aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ọ̀pá róbà kékeré tí asẹ́ wà nínú rẹ̀, kí àgbẹ̀ àti darandaran lè gbé e kọ́rùn, kí wọ́n sì fi fa omi níbikíbi tí òùngbẹ bá ti gbẹ wọ́n. Láti inú iṣẹ́ yẹn ni LifeStraw ti jáde ní ọdún 2005, èyí tí àwọn tí ń gun òkè ń rà báyìí. Nítorí àgbẹ̀ bíi Bàbá wa ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ ronú rẹ̀, òun ni ọmọ ọmọ wọn wá lọ fi owó rà ní Lyon.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tó ogójì ọdún lè má mọ sòbìà. Àwọn ọmọ kíláàsì mi, bí mo bá sọ ọ́ fún wọn, wọ́n rò pé àlọ́ ni mò ń pa. Nínú omi tí kò ṣàn ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Kòkòrò tíntìntín kan wà níbẹ̀. Bí ẹ bá bu omi náà sínú ìgò tí ẹ gbé e sókè sí oòrùn, ẹ lè rí i bí ó ti ń fò kiri. Ọmọ sòbìà wà nínú ikùn kòkòrò yìí. Ẹni tí ó bá mu ún kò ní mọ nǹkan kan. Ọdún kan gbáko ni aràn náà yóò fi máa dàgbà lábẹ́ awọ ara rẹ̀, títí yóò fi gùn tó mítà kan. Nígbà tí ó bá wá fẹ́ jáde, ojú ibẹ̀ yóò wú, yóò máa jó bí iná. Olúwarẹ̀ yóò ti ẹsẹ̀ bọ omi tútù kí ara lè tù ú. Ohun tí aràn náà ń dúró dè nìyẹn: yóò tú àwọn ọmọ rẹ̀ sínú omi, ẹlòmíràn yóò sì wá bu omi náà mu. Kò sí oògùn rẹ̀ dòní. Igi tín-ín-rín ni a fi ń ká a díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ó bá já sínú, ọgbẹ́ náà yóò di ńlá.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1987 bọ́ sí 1988 ni ó mú Bàbá wa. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mẹ́ta ni ó jáde lára wọn, méjì ní ẹsẹ̀ òsì, ọ̀kan ní ẹsẹ̀ ọ̀tún lókè kókósẹ̀. Mo rántí igi ìgbálẹ̀ tí wọ́n fi ká a, tí wọ́n fi aṣọ dì mọ́ ẹsẹ̀, àti bí ìyá wa ti máa ń gbọ́n omi sí i ní gbogbo àárọ̀. Gbogbo wa ni a jọ ń mu omi ọ̀gọ̀dọ̀ oko náà, ẹ má bi mí léèrè ìdí tí kò fi mú wa. Fún oṣù mẹ́ta, Bàbá kò lè dìde. Iṣu wà nílẹ̀ tí a kò tíì wà, òwú ti là lóko, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì ń fọ́n ọn kiri. Ìyá wa ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, ó wà ní CM2, oṣù Kẹfà ni yóò sì ṣe ìdánwò sẹ̀títífíkà. Wọ́n mú un kúrò nílé ìwé kí ó lè bá àbúrò ìyá wa kó oko. Olùkọ́ rẹ̀ wá sílé wa lẹ́ẹ̀kan láti bẹ̀bẹ̀. Bàbá kò bá a jiyàn. Wọ́n kàn ṣí aṣọ kúrò lórí ẹsẹ̀ wọn, olùkọ́ náà sì wò ó, ó kí wọn pé ara yóò le, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Èmi ni wọ́n fi sílẹ̀ nílé ìwé. Ọkùnrin ni mí, mo sì kéré, n kò lè ru iṣu. Bẹ́ẹ̀ ọpọlọ rẹ̀ pé ju tèmi lọ. Òun ni ó kọ́ mi ní ìsọdipúpọ̀, yánrìn ẹnu ọ̀nà ni a fi ṣe pátákó.

Wọ́n ní yóò padà bí ẹsẹ̀ Bàbá bá ti san. Ẹsẹ̀ san. Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ìdaṣẹ́sílẹ̀ ba ọdún ìwé jẹ́ káàkiri Bẹ̀nẹ̀, èyí tí àwa olùkọ́ ń pè ní année blanche. Nígbà tí ilé ìwé fi máa tò padà, ó ti ń tajà. Kò padà mọ́.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni àwọn tí ń kọ́ni nípa ìlera dé abúlé pẹ̀lú aṣọ náílọ́ọ̀nù funfun tí a fi ń bo ẹnu ìkòkò. Ìyá wa kò fi ṣeré rárá. Ẹni tí ó bá da omi sínú ìkòkò láìsẹ́ ẹ, àti ọmọ àti àlejò, yóò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ọ̀pá alásẹ́ dé ní ìgbà díẹ̀ sí i, nígbà tí èmi fúnra mi ti fẹ́ máa kọ́ni. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pín in. Ní 2009, àjọ ìlera àgbáyé fi ọwọ́ sí i pé sòbìà ti kúrò ní Bẹ̀nẹ̀. Ti Tógò jẹ́ 2011, ti Nàìjíríà jẹ́ 2013. Aṣọ, ọ̀pá, kànga tí wọ́n gbẹ́, àti ẹnu àwọn ìyá bíi tiwa, ìwọ̀nyẹn ni wọ́n lé e lọ. Kò sí abẹ́rẹ́ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ọmọ wa. Ó ní òun fẹ́ kí a fi ẹsẹ̀ rìn láti Ṣábẹ lọ sí oko wa àtijọ́ lọ́nà odò Okpara, kí a sùn síbẹ̀, kí a sì padà ní ọjọ́ kejì. Mo ní sẹ́mìjàn yóò gbé wa débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ó ní ẹsẹ̀ ni òun fẹ́ fi rìn. Ìyàwó mi wò mí, ó wo ikùn mi, ó ní kí n bá a lọ.

A jáde ní ìdájí, àwọn òkè Ṣábẹ dúró lẹ́yìn wa nínú ọyẹ́ bí ẹ̀yìn erin. Olúkúlùkù wa gbé bídọ̀n omi lítà mẹ́ta. Kí oòrùn tó dé àtàrí, a dé ibi ìṣàn omi kékeré kan láàárín òkúta, omi ibẹ̀ ṣì ń yọ́ ṣàn. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ti fèrè rẹ̀ bọ omi, ó ń fà á. Ó ní kí n wá.

Ọkàn mi kò gbà. Mo mọ̀ dájú pé kò sí sòbìà níbẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ pẹ̀lú pé, bí ó bá tilẹ̀ wà, asẹ́ ọwọ́ mi yóò mú un, nítorí ihò aṣọ ìyá wa ní láti dá kòkòrò tí ojú lè rí dúró ni, ṣùgbọ́n ihò èyí jẹ́ 0.2 mikrọ́ọ̀nù. Ẹ pín mílímítà kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, kí ẹ tún pín ọ̀kan nínú rẹ̀ sí márùn-ún. Inú rẹ̀ kún fún àwọn fọ́nrán tín-ín-rín tí inú wọn ṣófo, omi ń gba ara wọn wọlé, ìdọ̀tí ń kù síta. Kòkòrò onígbáméjì kò lè gba ibẹ̀ kọjá, ti ìgbẹ́ ọ̀rìn náà kò lè kọjá. Olùkọ́ni ni mí, mo lè ya àwòrán rẹ̀ sójú pátákó. Síbẹ̀, nígbà tí mo kúnlẹ̀ sí etí omi, ẹsẹ̀ Bàbá ni mo rí.

Mo fà á. Kò sí nǹkan tí ó jáde. Mo tún fà á títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro mí. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ jẹ́ kí ó mu omi fún ìṣẹ́jú kan ná kí ẹ tó fà á. Lóòótọ́, ó wá ṣàn wọ ẹnu mi lẹ́yìn náà, ó tutù, ó ní adùn òkúta díẹ̀. Ó kọ́ mi pé bí mo bá ti mu tán, kí n fẹ́ atẹ́gùn padà sínú rẹ̀ kí ìdọ̀tí lè jáde, kí n má jẹ́ kí ó já lu òkúta, nítorí fọ́nrán inú rẹ̀ lè ya tí ojú kò ní rí i. Bí omi bá ní ẹrẹ̀, kí n kọ́kọ́ fi aṣọ sẹ́ ẹ. Mo ní ẹ̀kọ́ ìyá ìyá rẹ nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ọ̀sán. Ọmọ náà kò dé ìdérí bídọ̀n rẹ̀ dáadáa, gbogbo omi rẹ̀ ti dà sínú àpò, tèmi náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nítorí a jọ ń mu ún. Oòrùn mú. A dé ẹ̀gbẹ́ oko òwú kan, ọ̀gọ̀dọ̀ kan wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, omi rẹ̀ mọ́, ó ń dán. Ó ti sọ àpò kalẹ̀.

Mo ní, "Má mu ún."

"Tọ́ńtọ̀n, asẹ́ wà lọ́rùn wa."

Mo nawọ́ sí etí omi náà. Ìgò róbà mẹ́ta wà níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ta oògùn òwú. Wọ́n ti ṣan ẹ̀rọ ìfínko wọn níbẹ̀ ni. Mo sọ fún un pé oògùn kì í ṣe kòkòrò tí a lè fi ihò dá dúró. Bí iyọ̀ bá ti yọ́ sínú omi, ta ni yóò fi asẹ́ mú un jáde? Ó ní òun rò pé ohun gbogbo ni ó ń sẹ́. Mo ní kí ó ka ìwé tí ó bá a wá. Ó ṣì wà nínú àpò rẹ̀, tí omi ti rin gbindin. Ó kà á lórí ìdúró: kò mú oògùn, kò mú iyọ̀, kò sì mú fáírọ́ọ̀sì, nítorí wọ́n kéré ju ihò náà lọ. Bí ẹ bá se omi títí ó fi hó, fáírọ́ọ̀sì yóò kú. Oògùn òwú kò ní kú, kì í ṣe ohun abẹ̀mí. Àwa ní Bẹ̀nẹ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn tí endosulfan pa ní agbègbè Borgou ní 1999.

Ó bínú díẹ̀. Ètè rẹ̀ ti gbẹ. Èmi náà, kí n má purọ́, mo wo omi yẹn lẹ́ẹ̀mejì. A kọjá lọ.

A rìn fún wákàtí kan àti ààbọ̀ sí i kí a tó gbọ́ ìró odó. Abúlé kékeré ni, ilé mẹ́fà tàbí méje. Ìyá àgbà kan rí wa, kò tíì bi wá léèrè ẹni tí a jẹ́ tí ó fi ní kí ọmọ bu omi wá. "Ẹ kú ìrìn o, ẹ gba omi." Ó fi orúnkún ilẹ̀ na igbá náà sí mi, àgbàlagbà bí i tirẹ̀. Omi náà pọ́n díẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ bá mi dá a. Ẹni tí ó fún ọ lómi nígbà tí òùngbẹ fẹ́ pa ọ́, ṣé wàá yọ asẹ́ jáde níwájú rẹ̀, bí ẹni pé ó fẹ́ fún ọ ní májèlé? Ojú tì mí. Mo fi igbá sẹ́nu, mo gbé e mì títí ó fi tán, mo dúpẹ́. Ọmọ náà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá náà, ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ara mi kò mọ omi ilé mọ́, ẹ jẹ́ kí n fi èyí mu ún." Ìyá náà kò bínú rárá. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó pe àwọn ọmọ pé kí wọ́n wá wo géńdé tí ń fi fèrè mu omi. Ó ní kí ó fún òun náà kí òun fà á wò. Ó fà á, ó ní omi òun náà ṣáà ni, kò yí padà.

A sùn síbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà, a kò dé oko wa rárá. Wọ́n se iyán, wọ́n fi ẹran ìgbẹ́ sí ọbẹ̀.

Ọjọ́ kejì tí mo padà délé ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run mí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń sáré lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ara ọmọ wa dá ṣáṣá. Èmi kò lè búra pé omi igbá náà ni. Mo jẹ ẹran ìgbẹ́ náà, òun kò fẹnu kàn án. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ti dá ẹjọ́ tirẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ fún gbogbo àlejò.

Nígbà tí ara mi yá, mo gbé asẹ́ náà lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi lọ́jà. Wàgàsì ni ó ń tà, ó ti pẹ́ nídìí rẹ̀, ara wàgàsì náà ni ó ti rán ọmọ yìí dé ibi tí ó dé. Mo sọ ìtàn rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀: Bàbá, Carter, ọ̀pá àtijọ́, gbogbo rẹ̀. Ó ń gbọ́, ó ń bù fún oníbàárà.

Ó ní, "Mẹ́sìé, èló ni?" Bí ó ti máa ń pè mí nìyẹn bí ó bá fẹ́ fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

"Ogún yúrò. Bí ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá."

Ó gbé e, ó wo inú rẹ̀ bí ẹni ń wo inú ìgò ọtí. "Aṣọ ti ìyá wa ńkọ́? Ó tó ọdún mélòó lẹ́yìn ẹsẹ̀ Bàbá kí ó tó dé?"

Mo ṣírò rẹ̀. Mo ní ọdún mẹ́rin, ó lè jẹ́ márùn-ún.

"Mẹ́rin," ni ó wí. Ó dá asẹ́ náà padà sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n bá òun fa àwọn ewé yẹn súnmọ́ òun, oníbàárà ń dúró.

Ọ̀pá ti Bàbá wa kò sí mọ́, wọ́n ní àwọn ti fún ọdẹ kan. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín, ní Kétu tàbí ní Atakpamé tàbí níbikíbi, bá ṣì ní ọ̀kan nílé, tàbí aṣọ funfun ìgbà náà, kí ó jọ̀wọ́ ya àwòrán rẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ fi han àwọn ọmọ kíláàsì mi kí wọ́n lè mọ̀ pé àlọ́ kọ́.